Willis Carrier: Ẹni Tí Ó Wọn Afẹ́fẹ́ Kí Ó Tó Mú Un Tutù

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti fi Abidjan ṣe ilé láti ìgbà àwọn baba wọn. Wọn kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn ìlú náà fún wọn. Ọ̀sà Ébrié yí i ká, òkun wà lẹ́yìn ọ̀sà, òjò oṣù Kẹfà kì í sì í fẹ́ dá. Aṣọ tí a sá kì í tètè gbẹ, irin a máa dógùn-ún, ìwé inú àpótí a sì máa rin.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìfowópamọ́, ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ilé iṣẹ́ ìjọba ń kó àwọn kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní sáfà jọ sínú iyàrá kan, kí wọ́n lè máa tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sinmi, wọ́n sì ń gbóná tọ̀sán tòru. Bí a bá ra ẹ̀rọ amúlétutù tí kò yẹ iyàrá wọn, owó ti ṣòfò, àkọsílẹ̀ sì lè ṣègbé. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, mọ ìtàn Willis Carrier, ẹni tí a kà sí baba ẹ̀rọ amúlétutù òde òní, tí kò sì torí ìgbádùn ara ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 1876 ni a bí i ní abúlé Angola, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, ìṣirò ìdá fẹ́rẹ̀ẹ́ borí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bá gbé èso ápù kalẹ̀. Ó gé òmíràn sí méjì, òmíràn sí mẹ́rin, òmíràn sí mẹ́jọ, ó sì ní kí ọmọ náà máa fi wọ́n ṣe ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mọ̀ pé ìṣòro ńlá a máa rọrùn bí a bá gé e sí wẹ́wẹ́. Ìyá náà kú nígbà tí ọmọ wà ní ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kú.

Carrier jáde ní Yunifásítì Cornell ní ọdún 1901, ó sì wọ ilé iṣẹ́ Buffalo Forge, níbi tí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ dọ́là mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìtẹ̀wé Sackett-Wilhelms ní Brooklyn wà nínú ìyọnu. Àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n a sì máa tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lé orí èkejì. Bí afẹ́fẹ́ bá rin, ìwé a fẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ìwé a súnkì. Àwọ̀ kejì kò sì ní bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ. Ẹlòmíràn ì bá ti sáré ra fáànù ńlá. Carrier kọ́kọ́ wádìí ohun tí ìwé náà ń fẹ́. Ó yẹ àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ wò, ó ṣírò iye omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sì pinnu pé kí ọ̀rinrin dúró sí ìdá 55 nínú 100. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1902, àwòrán ẹ̀rọ náà ti parí. Afẹ́fẹ́ yóò kọjá lára páìpù tútù, omi inú rẹ̀ yóò sẹ̀ sí ara páìpù bí ìrì, afẹ́fẹ́ tí ó gbẹ níwọ̀n yóò sì jáde. Agbára ìtutù ẹ̀rọ náà tó ti pọ́n-ùn yìnyín 108,000 tí ó bá yọ́ lóòjọ́.

Ní ìparí ọdún 1902 kan náà, bí ó ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Pittsburgh nínú kùrukùru, òye mìíràn là á. Ó rí i pé bí afẹ́fẹ́ bá ti tutù tó ni iye omi tí ó lè gbé ṣe ń dín kù. Nítorí náà ẹni tí ó bá lè pinnu ìtutù omi tí a ń fọ́n sí afẹ́fẹ́ lè pinnu ọ̀rinrin rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1906 ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ yìí. Ilé iṣẹ́ òwú ní Amẹ́ríkà àti ilé iṣẹ́ ṣẹ́dà ní Yokohama ní Japan rà á. Ní ọdún 1911 ó gbé ìlànà ìṣirò afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹ́ńjínnìa. Ogun àgbáyé kìíní mú kí Buffalo Forge pa ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ tì, ṣùgbọ́n ní ọdún 1915 òun àti ọ̀rẹ́ mẹ́fà da owó jọ, dọ́là 32,600, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni amúlétutù tó wọ ilé sinimá, bíi Rivoli ní New York ní ọdún 1925, tí àwọn ènìyàn sì wá ń fi í gbádùn.

Kí ni ìtàn yìí wí fún ẹni tí ń ra amúlétutù fún iyàrá sáfà ní Abidjan? Èkíní, kí ó ṣírò ooru kí ó tó wo iye owó. Iná tí sáfà ń jẹ ni yóò di ooru. Bí mẹ́wàá bá ń jẹ wáàtì 400 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di wáàtì 4,000, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó BTU 13,650 ní wákàtí kan. Amúlétutù ilé gbígbé oní-BTU 12,000 kò lè ká a, nítorí pé apá kan agbára rẹ̀ ni ó ń fi fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, a kò sì tíì ka oòrùn ara ògiri àti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ọn. Èkejì, kí ó mọ̀ pé èyí tí ó tóbi jù náà léwu: a mú iyàrá tutù kíákíá, a dákẹ́, a sì fi ọ̀rinrin sílẹ̀. Kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé máa wà ní pípadé dáadáa, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà má baà wọlé. Ẹ̀kẹta, ìwọ̀n Celsius 18 sí 27 ni àwọn ẹ́ńjínnìa fọwọ́ sí fún afẹ́fẹ́ tí ń wọ iwájú sáfà. Ẹni tí ó bá mú un tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fi iná ṣòfò. Ẹ̀kẹrin, kí amúlétutù lé ọ̀kan, kí òmíràn lè gba iṣẹ́ bí ọ̀kan bá kú. Kí a sì dáàbò bo èyí tí ó wà ní ìta kúrò lọ́wọ́ iyọ̀ òkun, pàápàá ní apá Port-Bouët.

Ọ̀ràn yìí kan gbogbo wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn ìbánisọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ sì dàrú títí dé Nàìjíríà. Ọjọ́ náà fi hàn pé ó yẹ kí a tọ́jú àkọsílẹ̀ wa sí ilé wa. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí kò lè mú iyàrá sáfà tutù yóò tún kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àlejò ni.

Carrier kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1950, ọdún mẹ́wàá kí Côte d'Ivoire tó gba òmìnira. Ilẹ̀ tirẹ̀ ni ó wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tiwa ń dúró de àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé ìṣirò wáàtì 4,000 yẹn sí ojú pátákó. Ọmọ tí ó bá lè ṣe é lónìí ni kì yóò jẹ́ kí oníṣòwò ta ohun tí kò yẹ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́la.