Thierry Sabine: Ọlọ́kadà tó sọnù sínú aṣálẹ̀, tó tún padà síbẹ̀

Ẹni tó bá gun ọ̀kadà láti Challenge lọ sí Post Office n'Ílọrin, orí ọ̀dà ló wà. Bó bá ṣìnà, á béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó parí. Nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, kò sẹ́ni téèyàn máa bi. Ohun tójú Thierry Sabine rí lọ́dún 1977 nìyẹn.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Sabine. Neuilly-sur-Seine, nítòsí Paris, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 13, oṣù kẹfà, ọdún 1949. Lọ́dún 1975, ó dá ìdíje alùpùpù sílẹ̀ lórí yanrìn etí òkun Le Touquet. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló wọ ìdíje láti Abidjan sí Nice, ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú oòrùn kí ọkọ̀ òfuurufú tó wá a rí. Ẹlòmíì ì bá ti búra pé òun ò débẹ̀ mọ́ láé. Sabine ní tirẹ̀ délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò bóun ṣe máa kó àwọn mìíràn lọ.

Lọ́jọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 1978, mọ́tò àti alùpùpù 182 gbéra ní Paris, wọ́n forí lé Dakar, ìrìn nǹkan bí 10,000 kìlómítà. Wọ́n gba Algeria, Niger àti Mali kọjá. (Niger yìí kì í ṣe ìpínlẹ̀ tó múlé ti Kwara o.) 74 péré ló dé Dakar. Cyril Neveu, tó gun Yamaha, ló gbégbá orókè. Patrice Dodin, ọlọ́kadà bíi tirẹ̀, ṣubú nítòsí Agadez, ó sì kú.

Aṣálẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Níbi tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ojú táyà lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí òjò ò rọ̀ tó láti pa á rẹ́. Ní Ténéré, ní Niger, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo wà táwọn oníràkúnmí fi ń mọ̀nà. Lọ́dún 1973, awakọ̀ kan fi ọkọ̀ ẹrù gbá a wó. Nínú gbogbo ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ salalu bẹ́ẹ̀! Ìtì igi náà wà ní mùsíọ́ọ̀mù Niamey báyìí. Abájọ tí Théodore Monod, onímọ̀ tó ti fi ràkúnmí rin Sàhárà já, fi ta ko ìdíje Sabine. Ara ò tù ú sí i nígbà tí ọkọ̀ ìdíje tún ń pa àwọn ará abúlé tí ò bá ẹnikẹ́ni díje.

Lọ́dún 1986, olórin Daniel Balavoine bá wọn lọ nítorí ẹ̀rọ ìfami tí wọ́n fẹ́ fún àwọn abúlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 14, oṣù kìíní, hẹlikópítà tóun àti Sabine wọ̀ já lulẹ̀ nítòsí Gourma-Rharous ní Mali. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Ọmọ ọdún 36 ni Sabine.

Bàbá rẹ̀ ló gba ìdíje náà ṣe. Ọ̀rọ̀ ààbò ló lé e kúrò nílẹ̀ Áfíríkà lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ti ọdún 2008. Ní ti Sabine, inú aṣálẹ̀ Ténéré ni wọ́n fọ́n eérú rẹ̀ sí, nídìí igi kan tó dá dúró. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe igi náà.