Charles Babbage àti Ẹ̀rọ Ìṣírò

Ìlú London ni a ti bí Charles Babbage, ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, ọdún 1791. Olówó ni baba rẹ̀, iṣẹ́ báńkì ni ó ń ṣe. Cambridge ni Babbage ti kàwé, ibẹ̀ náà ni a sì ti fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣírò ní ọdún 1828. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi wà ní ipò yìí, síbẹ̀ kò dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti kọ́ wọn. Ẹ̀rọ ni ó gba gbogbo ọkàn rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ìwé tí a to èsì ìṣírò sí ni àwọn atukọ̀ òkun ń gbójú lé. Orí àti ọwọ́ ènìyàn ni a fi ń ṣírò wọn, àṣìṣe a sì máa wà níbẹ̀. Babbage fẹ́ kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná tó £17,000 lé e lórí. Ṣùgbọ́n ìjà dé láàrin òun àti Joseph Clement tí ó ń bá a rọ irin rẹ̀, iṣẹ́ dúró ní 1833. Nígbà tí ó di 1842, ìjọba yọwọ́ pátápátá. Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo: láti 1834 ni Babbage ti gbájú mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ.

Nínú ẹ̀rọ kejì yìí, ó ya ibi tí nọ́ńbà ń gbé sọ́tọ̀ kúrò ní ibi tí a ti ń ṣírò wọn, gẹ́gẹ́ bí àká ti yàtọ̀ sí ọlọ. Káàdì tí a lu ihò sí, irú èyí tí àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Faransé ń lò, ni yóò máa pàṣẹ fún un. Ohun tí ó dà á láàmú jù ni nọ́ńbà tí a ń gbé lọ. Bí a bá ro 1 pọ̀ mọ́ 9,999, ìlà ẹyọ yóò kún, a ó gbé 1 lọ sí ìlà ẹ̀wá. Ìyẹn náà yóò kún, a ó tún gbé 1 síwájú. Bí ogójì kẹ̀kẹ́ irin eléyín bá ń dúró de ara wọn báyìí, nígbà wo ni iṣẹ́ yóò parí? Babbage wá ọgbọ́n kan dá: ẹ̀rọ náà yóò kọ́kọ́ mọ àwọn kẹ̀kẹ́ tí ó wà lórí 9, gbogbo wọn yóò sì yí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà lónìí ṣì ń lo irú ọgbọ́n yìí.

Ó kú ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹwàá, 1871, láìrí èyíkéyìí tí ó parí nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbẹ̀dẹ ìgbà náà kò lè rọ irú irin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin 1847 sí 1849 ó ti ya àwòrán ẹ̀rọ kan tí ó jọ ti àkọ́kọ́, tí ó sì rọrùn jù ú lọ. Ní 1991, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London tẹ̀ lé àwòrán yìí, wọn kò sì jẹ́ kí irin rẹ̀ dán ju èyí tí agbẹ̀dẹ ayé Babbage lè rọ lọ. Ẹ̀yà 4,000 ni wọ́n tò pọ̀. Wọ́n yí ọwọ́ rẹ̀, ó sì ṣírò láìṣìṣe.