Ta ni Ìyá Menininha, ìyálórìṣà Bahia tó ní láti gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kó tó lè bọ Ọ̀ṣun?

Ní oṣù Kìíní ọdún 1976, Roberto Santos, gómìnà ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, fọwọ́ sí àṣẹ kan. Àṣẹ náà ní kò pọn dandan mọ́ kí àwọn ilé òrìṣà Candomblé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí kí wọ́n gba ìwé àyè kí wọ́n tó ṣe ọdún wọn. Lórí òkè kan ní Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ìyá àgbà kan wà tó ti lò ju àádọ́ta ọdún lọ lórí oyè ìyálórìṣà. Ẹni ọdún 81 ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá ló ti dé, tó sì ti lọ, lójú rẹ̀.

Maria Escolástica da Conceição Nazaré lorúkọ tó wà nínú ìwé, àmọ́ Menininha ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní èdè Potogí, ìyẹn ni ọmọdébìnrin kékeré. Orúkọ ìnagijẹ ìgbà èwe ni, kò sì kúrò lára rẹ̀ títí tó fi darúgbó. Mãe tí wọ́n máa ń fi ṣáájú rẹ̀ kò ju Ìyá lọ.

Wọ́n bí i ní Salvador ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1894, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí Bùràsíìlì fún àwọn ẹrú ní òmìnira. Ìdílé rẹ̀ ka ara wọn sí ọmọ Ẹ̀gbá. Ìyá ìyá-ńlá rẹ̀, Maria Júlia da Conceição Nazaré, ló dá ilé òrìṣà wọn sílẹ̀ ní ọdún 1849, nígbà tí ìjà oyè mú kó kúrò nínú ilé Ìyá Nasò tó ti wà tẹ́lẹ̀. (Ìjà oyè! Ẹ rí i pé a kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé.) Gantois ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nítorí orúkọ òyìnbó ará Bẹ́ljíọ́mù tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ orúkọ tí ilé náà ń jẹ́ gan-an ni Ilê Iyá Omin Axé Iyamassê. Ẹ kà á sókè. Ẹ ó gbọ́ ilé, ìyá, omi àti àṣẹ, ẹ kò sì ní wá ògbufọ̀.

Kí wá ni òfin ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì ti ọdún 1891 ya ìjọba kúrò lára ìjọ Kátólíìkì, ó sì ní kí oníkálukú máa sin ohun tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ dára. Ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní 1890 ti sọ pé ẹni tó bá ń pidán, tó ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀ tàbí tó ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wo àìsàn yóò ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan sí oṣù mẹ́fà, yóò sì san owó ìtanràn. Kò dárúkọ Candomblé. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kó dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ọlọ́pàá ní láti ṣe kò ju pé kó sọ pé èyí kì í ṣe ẹ̀sìn, pé oṣó ni, tàbí pé ariwo ni. Bí a bá ti yọ orúkọ ẹ̀sìn kúrò lára nǹkan, òmìnira ẹ̀sìn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Pulchéria, ọmọ Maria Júlia tó tọ́ Menininha sọ́nà nínú òrìṣà, kú ní 1918. Ní 1922, oyè bọ́ sórí Menininha. Ẹni ọdún 28 ni, iṣẹ́ aránṣọ ló sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àkókò náà burú. Láàárín àwọn ọdún 1920 náà ni ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Pedro Azevedo Gordilho, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Pedrito, ń já wọ ilé òrìṣà káàkiri Salvador. Wọ́n ń gba ìlù, wọ́n ń kó ìlẹ̀kẹ̀ àti ère, wọ́n ń mú àwọn olùjọ́sìn lọ sí àgọ́. Púpọ̀ nínú ẹrù tí wọ́n kó ni wọ́n gbé kalẹ̀ sí mùsíọ́mù, bí ẹni pé ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn ni.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, ìjọba yí ọwọ́ padà. Dípò kí wọ́n máa já wọ ilé, wọ́n ní kí ilé òrìṣà wá gba ìwé àyè. Ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń fúnni ní ìwé náà ni èyí tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ àti iṣẹ́ aṣẹ́wó. Ibẹ̀ ni ìyálórìṣà yóò lọ, yóò sọ ọjọ́ ọdún, yóò sanwó, yóò sì gbọ́ aago tí ìlù gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù nìyí, ó burú ju ti Pedrito lọ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìwà ipá ni kí á fọ́ ìlù onílù. Ìwé àyè ní tirẹ̀ dà bí ètò, ó ní òǹtẹ̀, ó ní owó. Àmọ́ ẹni tó lè fúnni láyè lónìí lè fi dù ú lọ́la. Ilé ńlá bíi Gantois, tó ní ojúlùmọ̀, yóò rí tirẹ̀ gbà. Ìyá tó ní yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ìlú ńkọ́?

Ọgbọ́n Menininha ni pé ó ṣílẹ̀kùn. Ó máa ń ṣàlàyé fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé ohun àwọn baba ńlá ni èyí, a sì máa pè é kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Àṣà ilé náà ti pẹ́: láti ìgbà Pulchéria ni wọ́n ti ń fi àwọn ọkùnrin tó lẹ́nu láwùjọ jẹ oyè ogã, ìyẹn ọ̀gá tiwa yìí, kí wọ́n lè dáàbò bo ilé. Nina Rodrigues, dókítà tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa Candomblé, wà lára wọn. Nígbà tí Ruth Landes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, dé Bahia ní 1938, ó dé ọ̀dọ̀ Menininha. Ọkọ rẹ̀, Álvaro MacDowell de Oliveira, lọ́yà ni; ó bí ọmọbìnrin méjì fún un, Cleusa àti Carmem. Menininha sì ń lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, kò rí i bí ohun tó tako Ọ̀ṣun rẹ̀.

Àwọn kan ti sọ pé ó rọ̀ jù, pé ẹni tó bá ń tọrọ àyè ti gbà pé onítọ̀hún láṣẹ. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò ní ọgọ́rùn-ún ọmọ òrìṣà tí wọ́n lè kó lọ sí àgọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ilé náà kò tì.

Ní 1946, Bùràsíìlì ṣe ìwé òfin tuntun. Jorge Amado, òǹkọ̀wé ọmọ Bahia tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà, ló mú àbá òmìnira ẹ̀sìn wá, ó sì wọlé. Síbẹ̀, àwọn ìyálórìṣà Salvador ṣì ń lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá fún ọgbọ̀n ọdún sí i. Òfin dé ìwé, kò dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tó yí padà ni ojú tí ìlú fi ń wò wọ́n. Ní 1972, tí Menininha pé àádọ́ta ọdún lórí oyè, Dorival Caymmi kọ orin fún un. Gal Costa àti Maria Bethânia gbé e sí rẹ́kọ́ọ̀dù, gbogbo orílẹ̀-èdè ń kọ ọ́. Ní 1976, ẹgbẹ́ samba Mocidade Independente ní Rio fi ìtàn rẹ̀ jó ní Carnival. Ọdún yẹn gan-an ni gómìnà fọwọ́ sí àṣẹ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣòro láti máa fi orúkọ obìnrin kan kọrin, kí a sì tún ní kó wá tò síwájú ọlọ́pàá tẹ́tẹ́.

Menininha kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1986, lẹ́ni ọdún 92. Cleusa jọba lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni oyè kan Carmem ní 2002. Ọdún 2002 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ kọ Gantois sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ bà á jẹ́ mọ́. Ilé náà ṣì wà lórí òkè, wọ́n sì fi ibì kan pamọ́ níbẹ̀ fún ẹrù Ìyá.