Rosevear, òyìnbó tó ka ẹranko inú igbó wa

Ọdẹ tó bá ń rìn lóru máa ń gbọ́ igbe ọ̀wàwà, àmọ́ kó rí i lójú, iṣẹ́ ni. Irú àwọn ẹranko kéékèèké tó ń sá pamọ́ báyìí ni Donovan Rosevear ń wá. Igi gan-an niṣẹ́ ẹ̀: láyé amúnisìn, ó di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ igbó ní Nàìjíríà.

Ní 1953, ìwé ẹ̀ jáde l'Ékòó: orúkọ gbogbo ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú nílẹ̀ yìí, pẹ̀lú máàpù ibi tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ nípa igbó ló fi ṣáájú, torí ẹranko irà ẹ̀gbà kì í ṣe ẹranko ọ̀dàn. Ìlàjẹ ńkọ́? Irà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ l'Áyétòrò báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń gbé irú etí omi bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwé yẹn ni kó kọ́kọ́ ṣí.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, ó kọ ìwé lórí àdán Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1965, ó kọ ti eku, ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀yà àti òòrẹ̀ ní 1969. Ti eku yẹn lé ní 600 ojú ewé, ẹ gbà mí o! Ṣùgbọ́n awọ eku máa ń jọra. Eyín àti agbárí ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀.

Ní 2013, nígbà tó ti kú tipẹ́, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ àdán kan ní Làìbéríà.