Herbert Macaulay: Awọnlẹ̀ Tí Òfin Ní Kò Gbọdọ̀ Díje

Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gba Herbert Macaulay Way kọjá ní Yábàá, tí wọ́n ń lọ sí Akọka tàbí tí wọ́n ń bọ̀. Orúkọ ibùdókọ̀ lásán ni orúkọ náà jẹ́ létí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ lè rántí àwòrán ọkùnrin náà lára owó náírà kan: irun ètè rẹ̀ gùn, ó so táì labalábá mọ́rùn. Níléèwé, wọ́n kọ́ wa pé òun ni bàbá ìjà òmìnira Nàìjíríà. A kọ ọ́ sínú ìdánwò, a sì gbàgbé. Ohun tí wọn kò tẹnu mọ́ fún wa ni iṣẹ́ tó kọ́. Awọnlẹ̀ ni Macaulay. Ó ń wọn ilẹ̀, ó ń ya àwòrán ilé, ó sì mọ ọ̀nà tí omi ẹ̀rọ fi ń dé ilé. Bí ẹ bá tú ìjà tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà wò dáadáa, ilẹ̀, omi àti ibùgbé lẹ ó bá nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kan tí kò yé e bi wọ́n: ta ló yẹ kó jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu nǹkan wọ̀nyí?

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i l'Ékòó, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Abigail ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn. Ilé ńlá ló ti wá, kò sí àní-àní. Bàbá kú ní 1878, nígbà tó sì di 1881, ọmọ náà di akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì iṣẹ́ òde ti ìjọba. Ọwọ́ rẹ̀ dára nínú àwòrán yíyà tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà.

Ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni awọnlẹ̀ ìlú náà, òun kan náà ni ẹnjiníà omi ìlú. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a ó padà sí i. Ìlú tí àwọn ará ìlú ń dìbò yan ìgbìmọ̀ wọn ni Plymouth nígbà náà, ìgbìmọ̀ yẹn ló sì ń bójú tó títì, omi àti ìmọ́tótó. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ Èkó yìí fi wò ó bó ṣe ń lọ. Nígbà tó padà sílé ní 1893, ìlú tí gómìnà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pinnu ohun gbogbo fún ló bá.

Wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ ilẹ̀ Ọba. Kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé wa, ó yẹ ká mọ ohun tí ilẹ̀ Ọba jẹ́. Kí Òyìnbó tó dé, àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun, ló ni ilẹ̀ Èkó, olúkúlùkù pẹ̀lú agbègbè tirẹ̀. Àlejò á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, á kọ́lé, á máa gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tà á bí ẹni ta àgbàdo. Lẹ́yìn 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ Ọbabìnrin. Bí ilẹ̀ kan ṣe wá ní olówó méjì nìyẹn: ẹni tí ìdílé mọ̀ àti ẹni tí ìwé mọ̀. Gbogbo ìwé wọ̀nyí ń kọjá níwájú Macaulay. Ó mọ ibi tí ààlà wà, ó mọ ẹni tó ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń já a gbà. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ awọnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti ara rẹ̀. Lára àwọn ilé tó bá wọn ṣiṣẹ́ lé lórí ni ti Henry Carr ní Tinúbú. Ọ̀rọ̀ ayé ṣòro: Carr yìí kan náà ni Macaulay kọ ìwé pélébé lé lórí ní 1924, tó ní kí ó fi ipò rẹ̀ nínú ìjọba sílẹ̀.

Ìjà omi ló kọ́kọ́ gbé e dé ojú gbogbo ènìyàn. Ìjọba fẹ́ fa omi láti Ìjù wá sí Èkó, wọ́n sì ní ará ìlú ni yóò san owó rẹ̀. Ní 1908 Èkó gbóná. Ní 1915 omi náà dé. Ní 1916 owó omi tún dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀tá ìlọsíwájú ni Macaulay àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnjiníà omi, ṣé òun ni kò ní mọ àǹfààní omi ẹ̀rọ? Ohun tó ń bá wọn fà ni pé àwọn Òyìnbó ni yóò jẹ ọ̀pọ̀ nínú àǹfààní náà, nígbà tí owó yóò jáde láti àpò àwọn tó ní kànga lẹ́yìnkùlé, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, tí wọn kò sì ní aṣojú kankan tí wọ́n fi ìbò yàn.

Nǹkan kan wà tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń fò. Ní 1913, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi nínú ọ̀ràn ogún òkú kan tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Àwọn kan ní ìjọba ló ń wá ọ̀nà mú un, àwọn kan ní ó jẹ owó. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí, bí a ó ṣe rí i.

Ọdún 1913 yẹn náà ni ìjọba gba ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa, ọ̀kan lára àwọn Ìdẹ́jọ. Olóyè Amodu Tijani, tó wà lórí oyè nígbà náà, béèrè owó gbà-má-bínú. Àwọn ilé ẹjọ́ níbí dá a lóhùn pé kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀, pé ẹ̀tọ́ olórí tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló ní. Bí ìdájọ́ yìí bá dúró, kò sí ìdílé tí ilé rẹ̀ lórí ní Èkó tí ìjọba kò lè lé kúrò pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ní 1920, Macaulay bá olóyè náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe akọ̀wé rẹ̀, ó sì ń túmọ̀ fún un. Ní 1921, àwọn adájọ́ Privy Council, tí Lord Haldane kọ ìdájọ́ wọn, sọ pé ẹ̀tọ́ ìdílé lórí ilẹ̀ kò kú nítorí pé ìjọba gba ìlú; owó ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an ni kí wọ́n san. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Títí dòní, àwọn tó ń kọ́ nípa òfin kò lè fo ẹjọ́ yìí. Ìbéèrè kan ṣì máa ń wá sí mi lọ́kàn, ti àwọn tó ń dáko tí wọ́n sì ń pẹja lórí ilẹ̀ náà láìjẹ́ ọmọ ìdílé: èló ló kàn wọ́n nínú owó yẹn?

Lílọ sí Lọ́ńdọ̀nù yẹn kò lọ láìsí ìyà. Ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí ni Macaulay gbé dání lọ, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé Elékòó ni ọba lórí gbogbo Nàìjíríà. Àsọdùn ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìjọba ní kí Elékòó rán agogo káàkiri ìlú láti sẹ́ Macaulay, ọba kọ̀. Wọ́n gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì di 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ló tó padà wálé.

Láàárín gbogbo èyí ni ìbò dé. Láti 1920 ni wọ́n ti fàyè gba ìbò díẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó. Òfin 1922 tún fún Èkó ní ìjókòó mẹ́ta nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, fún Kàlàbá ní ọ̀kan. Ọkùnrin tó ń rí £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Kò kan obìnrin, kò kan apẹja, kò kan ọ̀pọ̀ ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n bíi ti Macaulay kò sì gbọdọ̀ díje.

Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1923 ni Nigerian National Democratic Party bẹ̀rẹ̀ (ẹ má fi wé ti Akíntọ́lá ní 1964, orúkọ nìkan ló jọ). Ohun tí wọ́n gbé jáde kò ga ju ojú ìlú lọ: kí àwọn ará Èkó máa ṣàkóso ìlú wọn fúnra wọn, kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di dandan, kí yunifásítì wà. Láti ilé rẹ̀ ní Balbina Street, tí wọ́n ń pè ní Kirsten Hall, ló ti ń darí gbogbo rẹ̀. Àwọn Ìdẹ́jọ ń wọlé, àwọn ìyálọ́jà ń jáde. Àwọn tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n dìbò ni agbára rẹ̀: wọn kò ní káàdì, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà kọ̀yìn sí kò lè rìn l'Ékòó. Nínú oṣù Kẹsàn-án 1923, Egerton Shyngle, Eric Moore àti Dókítà Adeniyi-Jones gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹgbẹ́ náà tún gbà wọ́n ní 1928 àti 1933. Ẹni tó tò ó kò jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin náà rí.

Ọdún tó tẹ̀ lé ìbò àkọ́kọ́ ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Kò tán pátápátá títí di 1930. Ilé tó fún pọ̀, gọ́tà tó dí, yàrá tí kò ní fèrèsé, gbogbo ohun tí owó omi àti owó ilẹ̀ yẹ kó ti tún ṣe, ló ń bú jáde. Ní 1928 ìjọba fi òfin dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, àjọ àkọ́kọ́ tó ń ṣètò ìlú ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀tọ̀ ni àjọ náà, ọ̀tọ̀ ni Ìgbìmọ̀ Ìlú tí ará Èkó ń dìbò sí. Àjọ yìí ló la Yábàá sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n kó kúrò ní Erékùṣù. Ọdún 1928 yẹn kan náà, ìwé ìròyìn Lagos Daily News tí Macaulay àti Dókítà Caulcrick jọ ni gbé àhesọ kan jáde pé wọ́n fẹ́ pa Elékòó. Wọ́n tún jù ú sẹ́wọ̀n, oṣù mẹ́fà.

Ní 1938, àwọn ọ̀dọ́ Nigerian Youth Movement lù wọ́n nínú ìbò. Lójú tèmi, ó tọ́ sí wọn. Ẹgbẹ́ náà kò kúrò l'Ékòó, bàbá kò sì mọ bí a ti ń fún ọmọ láàyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá NCNC sílẹ̀ ní 1944, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, Azikiwe sì ṣe akọ̀wé. Ní 1946, ẹni ọdún 81, ó tún gbéra, ó ń yí orílẹ̀-èdè ká láti tako òfin tuntun tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Àìsàn mú un ní Kánò. Wọ́n gbé e wálé, ó sì kú ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún. Itẹ́ òkú Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí.

Ní 1955, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè.