Ìyá Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, Olùkọ́ tí ó di Nọ́ọ̀sì

Ní ọdún 1974, ní kíláàsì wa ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ọmọbìnrin kan dìde ó ní nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ dà. Àwa ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ jálẹ̀: òun kò ta obì ní ọjà Owódé láti rán ọmọ níwèé kí ó wá máa gbé igbá ìgbẹ́ aláìsàn. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé obìnrin tí ó wà ní ipò kọmíṣánnà ètò ìlera ní Èkó ní ọdún náà gan-an, nọ́ọ̀sì ni, àti pé bàbá tirẹ̀ pàápàá kò fi tayọ̀tayọ̀ gbà fún un.

Ìdílé Scott ní Èkó ni a bí Kòfowórọlá sí. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti CMS, ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College, Ìbàdàn, ó sì padà lọ kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS yẹn. Ó fẹ́ Olú Pratt, apòògùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tẹ̀lé e ní 1946. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ àtijọ́ ti rí àyè.

Ilé-ìwòsàn St Thomas' ni ó wọlé sí, níbi tí Florence Nightingale ti dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní 1860. Ìyàwó ilé, olùkọ́ tí a ti ń kí ní ìkúnlẹ̀ ní Èkó, ni ó di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láàrin àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti ìwé nìkan. Inú wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lábẹ́ ojú sístà tí kì í gbójú fo àṣìṣe, kí ìdánwò ìjọba tó dé. Aláìsàn kan kọ̀ kí ó fọwọ́ kan òun nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Kò torí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ó sì kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí kún un.

Ní 1954 ó padà wálé. Ní àkókò náà, òyìnbó ni wọ́n ń fi ṣe sístà wọ́ọ̀dù. Ọmọ ilẹ̀ yìí ìbáà gba ìwé-ẹ̀rí kan náà, ẹ̀yìn ni yóò dúró. Ìyá Pratt dé ipò yẹn ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí ó ṣì wà ní Adéọ̀yọ́ nígbà náà. Ní 1964 ó di mátírọ́ọ̀nù rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dúró síbi oyè mátírọ́ọ̀nù bí wọ́n bá ń yìn ín. Lójú tiwa, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1965 ló jù. Títí di ìgbà náà, nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ di olùkọ́ nọ́ọ̀sì ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Bí òyìnbó bá sì lọ tán, ta ni yóò kọ́ àwọn tí ó kù? Ìyá Pratt wà lára àwọn tí ó jà fún un pé kí Yunifásítì Ìbàdàn máa kọ́ nọ́ọ̀sì gba oyè, bí ó ti ń kọ́ dókítà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn. Ọdún kan náà ni ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó ti jẹ́ olùkọ́ rí mọ̀ pé iṣẹ́ tí kò ní olùkọ́ nílé, àlejò ni yóò máa ṣe é.

Ní 1973 wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale dá a lọ́lá. Ó sùn nínú Olúwa ní 1992.

Ọmọ kíláàsì wa nnì di nọ́ọ̀sì; ìyá rẹ̀ ni ó bẹ bàbá. Ó ti fẹ̀yìntì báyìí. Méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì sọ fún wa lóṣù tó kọjá pé wọ́ọ̀dù tí òun fi sílẹ̀ kò tíì rí ẹni tí yóò dípò òun.