Ṣéú Ahmad Yasawi: Àáfà Tí Ó Fi Orin Kọ́ Àwọn Darandaran

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, bí a bá ń dárúkọ àwọn tí wọ́n tan ẹ̀sìn Ìsìláàmù kálẹ̀, a kì í sábà rántí àáfà yìí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ipa rẹ̀ kò parẹ́ nínú ewì àwọn ará Kazakhstan àti ti àwọn ará Tọ́kì títí dòní.

Ìlú Sayram, ní gúúsù Kazakhstan, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn. Ibrahim bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì kéré, ó sì di ọmọ òrukàn. Nígbà tí ó dàgbà, ó wá ìmọ̀ lọ sí Bukhara lọ́dọ̀ Ṣéú Yusuf al-Hamadani, tí ó kú ní 1140. Èdè Lárúbáwá ni èdè tírà níbẹ̀, èdè Páṣíà sì ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Ahmad di ọ̀kan nínú àwọn àrólé ṣéú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó sí Bukhara. Ó padà sí Yasi, ìlú tí à ń pè ní Turkistan báyìí.

Àwọn wo ni ó bá níbẹ̀? Àwọn darandaran orí pápá ni, àwọn tí wọn kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n tí orin kún àyà wọn. Ì bá pè wọ́n ní òpè, kí ó sì kọjú sí tírà rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orin tiwọn ni ó mú, ẹsẹ kúkúrú onílà mẹ́rin-mẹ́rin tí wọ́n ń ka iye sílébù rẹ̀, ó sì fi èdè Tọ́kì tí wọ́n ń sọ nílé kọ́ wọn ní ẹ̀sìn. Hikmet, èyíinì ni ọgbọ́n, ni wọ́n ń pe àwọn ewì náà. Ikú wà nínú wọn, ìfẹ́ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wà níbẹ̀, àti àánú ọmọ òrukàn àti àlejò tí kò lẹ́ni. Ẹni tí kò rí bàbá rẹ̀ pẹ́ mọ ohun tí ó ń wí.

Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbé orin náà káàkiri. Ní ilẹ̀ Anatolia, tí ó jẹ́ ara Tọ́kì lónìí, Yunus Emre, tí ó kú ní nǹkan bí 1320, kọrin lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ayé tí kò tọ́jọ́, àlejò tí ó jìnnà sílé, ìfẹ́ Ọlọ́hun. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú Yasawi ni wọ́n tó kọ hikmet sínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa, àwọn mìíràn sì ti fi orúkọ rẹ̀ kọ tiwọn mọ́ ọn. Lójú tiwa, èyí kò bu iyì rẹ̀ kù. Àwọn ènìyàn ti sọ orin náà di tiwọn ni.

Ìtàn sọ pé nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 63, iye ọdún tí Ànábì lò láyé, ó wọ ilé abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó sì ń jọ́sìn níbẹ̀. (A kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ o, Ànábì kò pa á láṣẹ.) Ó kú ní 1166.

Ọba Timur ni ó pàṣẹ kí wọ́n kọ́ ilé ńlá sórí ibojì rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ ọ parí tí Timur fi kú ní 1405. Ìkòkò idẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rọ ní 1399, tí ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 2, tí àwọn tí wọ́n ń ṣe àbẹ̀wò máa ń mu omi inú rẹ̀ láyé àtijọ́. Ní 1935, ìjọba Sófíẹ́tì gbé e lọ sí Leningrad. Ó di 1989 kí ó tó padà sí Turkistan.